Ọwọ́ Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ìkókó le? Ṣé ọkọ rẹ ń rí oorun sùn, àbí igbe ọmọ kò jẹ́? Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, wàrà kò ní gbẹ láyà rẹ, ọmọ náà kò ní mọ ojú dókítà ju ojú aládùúgbò lọ, ẹni tó bá sì ní kí ilé rẹ má tòrò, ilé tirẹ̀ ni òjò yóò máa bá a gbé. Àmín. Èmi náà wà láàyè, mo sì fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí o tó ka èyí tó kù, nítorí ìyá rẹ ló máa fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, òun nìkan ni wàá sì rí ní pápákọ̀ òfuurufú. Má ké. Má wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá mò ń bọ̀. Mi ò kú, mi ò ṣàìsàn, èmi àti ìyá rẹ kò jà. Ẹ̀rọ kan ló ní òun kò rí ọwọ́ mi.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. O rántí lẹ́tà tí o kọ sí mi nígbà tí oyún rẹ ṣì wà ní oṣù méje, tí o ní ní ọ́fíìsì yín ẹ ń kọ ìwé ńlá kan tó ń túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ èdè wa, pé wọ́n pín ọ̀rọ̀ fún yín, pé "ọwọ́" ni wọ́n pín fún ọ, kí n bá ọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ àdúgbò ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn. Mo ka lẹ́tà yẹn fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu yà wá pé èèyàn lè máa gba owó oṣù lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ọdún méjì mọ̀. Ìyá rẹ ní bóyá torí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ni, pé bó bá pẹ́, wọn yóò fún ọ ní èyí tó gùn. Ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo jáde, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ló ni "ọwọ́" ní olú ìlú báyìí, kí oníkálùkù máa lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má sì fi búni mọ́, torí ohun tó bá ti wọ ìwé ìjọba kì í ṣe ohun eré.

Mo ra ìwé jọ́tà kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ lọ bá, ó ní kí n má wulẹ̀ jókòó, ohun tó so mọ́ èjìká aṣọ ni ọwọ́, ó lè gùn, ó lè kúrú, ibẹ̀ ló sì máa ń fìyà jẹ òun jù lára aṣọ, torí ẹni tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ kò ní sọ fún ọ, àfi kó kàn máa bínú. Aláago, ẹni tó ń tún aago ṣe, tí ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, ní ọwọ́ aago mẹ́ta ló wà, kúkúrú ló ń ṣiṣẹ́ gan-an, gígùn ló ń sáré kiri, tínrín ló ń pariwo, ó ní bó ṣe rí ní ọ́fíìsì gbogbo nìyẹn. Awakọ̀ akẹ́rù ní ọwọ́ ni ibi tó yẹ kí o wà lójú títì, pé ohun tó ń ba ayé jẹ́ ni àwọn tó ń gba ọwọ́ ọlọ́wọ́. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan hàn mí tó ní ọmọ mẹ́rìndínlógún, mo ní ọwọ́ wo ló ń bímọ tó báyẹn, ó ní kí n sanwó kí n tó béèrè ìbéèrè kejì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ọwọ́ ni bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé, ó wá wo inú jọ́tà mi, ó ní tèmi kò dára rárá. Èmi alára kọ ọwọ́ àga àti ọwọ́ ilẹ̀kùn sí i. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló sọ èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù, ó ní ọmọ ọwọ́ ni ọmọ tí kò tíì lè rìn, torí ọwọ́ èèyàn ni ilé tó kọ́kọ́ ń gbé. Mi ò tíì ka ti ọwọ́ dí, ọwọ́ dilẹ̀, ọwọ́ há àti kí a fọwọ́ sí ìwé. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ló kún. Jọ́tà náà wà nínú báàgì ìyá rẹ, lábẹ́ àwọn aṣọ ọmọ, kí o sọ fún ọ̀gá yín pé bó bá jẹ́ pé iye iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni wọ́n fi ń sanwó, kí wọ́n fi kún tìrẹ.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo wà tí o fi bímọ. Nígbà tí ọkọ rẹ fi àwòrán tó ń rìn pè wá lórí fóònù, mo rí ìkókó, ojú rẹ̀ bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, ni mo bá fi ìka méjì kan fóònù, orí ọmọ sì wú, ó kún gbogbo fóònù, mo pariwo pé ẹ gbà mí o, ọmọ ń wú, mo tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè wálẹ̀, gbogbo yín pòórá. Títí di ọjọ́ kejì tí ẹ tún pè, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi, mo rò pé mo ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe láti ọ̀nà jíjìn. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni ìyá rẹ ń gbé fóònù náà sí báyìí, ó ní wíwò nìkan ni tèmi.

Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì wá dé, ọ̀kan fún ìyá rẹ, ọ̀kan fún mi, pé kí a wá bá ọ gbé ọmọ fún oṣù méjì, mo ń fi han gbogbo oníbàárà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú láìní káàdì ìdánimọ̀, àti pé inú káàdì náà ni ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá èèyàn ń gbé. Mo ní kò burú, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé lọ́wọ́ mi, káfíńtà mélòó ló lè fọ́nnu báyẹn?

Ohun tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sí ọ́fíìsì káàdì, má sọ ọ́ ní ọ́fíìsì yín. Mo wo ọwọ́ mi lójú fèrèsé. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ yí èékánná ká, fáníìṣì ti wọ gbogbo ojú ìlà ìka, ó dúdú kirikiri. Mo fọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó kàn ń rùn ni. Mo wá rò ó pé ìtìjú gbáà ni kí bàbá ẹni tó ni "ọwọ́" ní olú ìlú gbé irú ọwọ́ yìí ka orí gíláàsì tí ìjọba fi ń wo ìka. Kí sì ni káfíńtà ń ṣe fún ohun tó bá rí gbágungbàgun? Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo mú sáńpépà, kì í ṣe èyí tó le o, èyí tó kúnná jù tí mo fi ń parí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo sì ń ha ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ọ̀tún àti òsì, mò ń fẹ́ eruku rẹ̀ dànù bí mo ṣe ń ṣe fún pákó, títí gbogbo rẹ̀ fi jọ̀lọ̀ tó ń dán. Ìyá rẹ yọjú, ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo ní mò ń múra. Ó ní kí n má gbàgbé láti kùn ún ní fáníìṣì.

Yàrá gígùn kan ni ọ́fíìsì náà, àwọn àga onírin tí wọ́n so pọ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fáànù kan sì ń yí lókè tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àjà nìkan. Ọmọbìnrin kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó béèrè ọjọ́ orí mi, ó béèrè iṣẹ́ mi, ó béèrè ẹni tó súnmọ́ mi jù. Mo ní Aláago ni, torí ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù wa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ dìde, ó lọ jókòó sí àga tó jìnnà sí mi jù, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Àpótí kékeré kan wà lórí tábìlì tó ní gíláàsì lójú, iná aláwọ̀ ewé ń tàn nínú rẹ̀. Ìyá rẹ gbé ọwọ́ lé e, kò tíì balẹ̀ tán tí àpótí náà fi dún, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ Màmá dára gan-an, ìyá rẹ sì wò mí bí ẹni tó gba ipò kìíní. Ó kàn mí. Mo kọ́kọ́ kí àpótí náà, torí a kì í ṣàdédé fọwọ́ kan ohun olóhun. Kò dún. Ọmọbìnrin náà ní kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí mo bá ń lẹ pákó méjì pọ̀, ó ní Bàbá ẹ rọra o. Ó nu gíláàsì, ó nu ìka mi, ó pa àpótí náà, ó tún un tàn. Nígbà tó sú u, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà gbé ìka mi wò lójú iná, ó ní lórí kọ̀ǹpútà gbogbo rẹ̀ funfun báláú, kò sí ìlà kankan, ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé kò sí ọwọ́ níbẹ̀. Mo ní kò sí ọwọ́ báwo? Mo gbé méjèèjì sókè kí gbogbo àwọn tó jókòó lè rí wọn. Mo ní irú ọwọ́ yìí ló kan tábìlì tí ẹ gbé àpótí yín lé, ẹni tó kàn án gan-an kò sì mọ iṣẹ́, torí mo ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà bẹ̀ mí, ó ní òun gbà pé mo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gbà, ẹ̀rọ ni.

Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Tèmi tàn mí jẹ lójú gbogbo ayé. Wọ́n tún ní àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà, a ò mẹni tó kọ ọ́. Ó dáa, a ò mẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ mọ ẹni tó pa á rẹ́, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Aláago ní òun kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ọ̀daràn ló máa ń ha ọwọ́ báyẹn kí wọ́n má bàa mú wọn, ó wá ń wò mí ní ìwò mìíràn. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní bí mo bá nílò rẹ̀, òun lè ta ọwọ́ kan fún mi ní ẹ̀dínwó. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín níta. Nígbà tí mo délé, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́, Akọ̀wé mi. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ní ọjọ́ lára, mo sì ti rí i pé wọ́n lè fi mí sílẹ̀ lórí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà.

Nọ́ọ̀sì ló fún mi nírètí. Ó yẹ ọwọ́ mi wò, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó débi tó fi jókòó, lẹ́yìn náà ló ní ìlà ìka kì í kú, abẹ́ awọ ló ń sùn sí, bí mo bá lè jáwọ́ nínú igi àti sáńpépà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mò ń fi òróró pa á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Láti ogójì ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì káwọ́ lẹ́rán ju ọjọ́ kan lọ, àfi ọjọ́ tí mo gbéyàwó, ìṣó méjì ni mo sì kàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pàápàá.

Ilẹ̀kùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà lórí bẹ́ńṣì tí mi ò tíì fá a. Ìyá rẹ ló gba ìfági lọ́wọ́ mi, ó so aṣọ mọ́ ìdí, ó ní kí n jókòó kí n máa sọ̀rọ̀, ṣebí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Mò ń sọ̀rọ̀, ó ń fá a. Èmi tí mo máa ń fi àtàǹpàkò mọ̀ bóyá pákó ti jọ̀lọ̀, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ni mo bá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, màá bẹ̀rẹ̀, màá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀kùn, màá dijú. Awakọ̀ ń kọjá lọ, ó rí mi, ó lọ sọ níbùdókọ̀ pé Káfíńtà ti ń bẹ ilẹ̀kùn pé kó dárí ji òun. Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá gbé e, ó fọwọ́ ra á lókè nílẹ̀, ó ní èyí dára ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníbàárà méjì ló ti wá béèrè bóyá ìyá ló máa ṣe tiwọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni ìyá rẹ ń fi òróró ra ìka mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ń bú mi bó ṣe ń ra á, kò sì tíì di ọwọ́ mi mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ. Bó bá bú mi tán, èmi ni mo máa ń tún ọ̀rọ̀ mìíràn dá sílẹ̀ kó má bàa tètè parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, a padà lọ. Ẹ̀rọ gba ìka mẹ́sàn-án. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Àtàǹpàkò ọ̀tún ló kọ̀ jálẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní kò sí wàhálà, àyè wà nínú fọ́ọ̀mù fún ìka tí kò bá sí, kí n sọ ìdí rẹ̀. Mo ní kó kọ "iṣẹ́" síbẹ̀. Mo tún ní kó pa orúkọ Aláago rẹ́, kó fi ti ìyá rẹ rọ́pò, torí ẹni tó bá fi òróró ra ọwọ́ èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti súnmọ́ni ju ògiri lọ. Ṣùgbọ́n ó ní káàdì ìyá rẹ ti jáde, tèmi tí ìka kò pé kò ní jáde kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, olú ìlú yín ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣé ọmọ mi kò lè yà gbà á níbẹ̀, ó ní rárá, káàdì náà gbọ́dọ̀ wá síbí kó tó bá mi padà síbẹ̀. Àwọn tó kàwé ló mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni tíkẹ́ẹ̀tì sọ. Ìyá rẹ ní bí mi ò bá lọ, òun kò lọ. Mo ní ìkókó kì í dúró de káàdì, ó ní òun kò fi mí sílẹ̀ rí, mo ní kó lọ, ó ní kí n má pàṣẹ fún òun, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn fi ṣú. Ìyẹn ni pé mo purọ́ fún ọ lókè, a jà díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo borí, ni o fi rí i níwájú rẹ. Fún un ní àga kó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. Ọkọ rẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbé báàgì ńlá, mo fi àga kékeré kan sínú rẹ̀ fún ọmọ náà, èyí tí mo kàn ṣáájú ọ̀rọ̀ sáńpépà, ó wúwo.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ owó, kí o má bínú sí mi. Bí ọwọ́ ṣe dilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àpò ṣe dilẹ̀. Ohun tí o bá rí, fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi í sí ẹnu ògiri tó ń pọ owó ní báńkì, torí ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, ó gbé káàdì báńkì mi mì, mo dúró títí kó pọ̀ ọ́ padà, kò ṣe é. Fi rán ẹni tó ní ẹsẹ̀. Kí ó tó mi í ra òróró pẹ̀lú, mo ti lo ti ìyá rẹ tán.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí a bí ọ, iṣẹ́ ń wọlé gan-an, ọwọ́ mi sì le bí eyín ayùn. Ọjọ́ kẹta ni mo kọ́kọ́ gbé ọ lọ́wọ́ lásán. Ọwọ́ mi ha ọ lẹ́yìn, ilà pupa mẹ́rin yọ, o ké títí o fi ń wá èémí, ìyá rẹ sì gbà ọ́. Kò bá mi wí. Láti ọjọ́ yẹn, aṣọ ni mo fi ń wé ọwọ́ kí n tó gbé ọ, tàbí kí n gbé ọ lé apá, títí o fi rìn. Nígbà tí o di ọmọ ọdún méje, o bi mí pé kí ló dé tí mi ò kì í di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ mú bí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ ṣe máa ń ṣe fún un, mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí. Iṣẹ́ kọ́, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí mo fọwọ́ ra ojú ara mi, mi ò mọ ọwọ́ náà mọ́. Ó rọ̀. Kò rọ̀ báyìí rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo bá padà sídìí igi tí yóò tún le. Ìjọba ti gba ìka mi, kò sí ẹni tó ní kí n ṣì jókòó, ṣùgbọ́n mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Àdúgbò rò pé mo ti ya ọ̀lẹ. Kí wọ́n máa rò ó.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìwọ àti ọmọ àti ọkọ rẹ, ìyá rẹ yóò bá yín láyọ̀, àárẹ̀ kò ní mọ ojúlé yín, gbogbo ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere, káàdì mi kò sì ní sọnù lọ́nà. Sọ fún ọmọ náà pé bàbá àgbà rẹ̀ ń bọ̀, àti pé mi ò ní fọwọ́ kan igi kankan títí màá fi gbé e láìsí aṣọ. Tí mo bá gbé e tán, gbà á lọ́wọ́ mi, fún ìyá rẹ, kí ìwọ náà wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.